Àbúrò mi tí kì í gba aṣọ àlòkù

Àbúrò mi obìnrin tó kú kì í gba aṣọ àlòkù. Aṣọ ló ń bá wọn fọ̀ ní àdúgbò Lokongoma. Tí wọ́n bá ta á lọ́rẹ èyí tó ti há jù fún wọn, á ní, "Ẹ ṣeun, mà," á ká a, á dá a padà.

Ráfátù ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe ẹnjinníà. Ó mọ ìwé, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò àtiwọ yunifásítì, kò sì fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tó ṣe é, àkókò tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Fẹ́mi, ọmọ ọ̀gá ìyá rẹ̀, ti ní kọ̀ǹpútà tiẹ̀ láti pírámárì.

Ìgbà tí Ìyá Fẹ́mi tún gbé aṣọ jáde, àbúrò mi ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí Ráfátù máa wá fi kọ̀ǹpútà Fẹ́mi kọ́ra."

"Ìyá Ráfá, aṣọ ni mo fún ẹ, kọ̀ǹpútà lo ń tọrọ?"

"Aṣọ yìí ò lè gbé e wọ yunifásítì, mà."

Ìyá Fẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó gbà.

Ráfátù tún ìdánwò náà ṣe lọ́sẹ̀ tí a ṣe fídáù ìyá rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó yege. Ó dìde bí ẹni fẹ́ sáré jáde, ó tún jókòó, ó bi mí pé:

"Ìyá àgbà, ta ni n ó lọ sọ fún?"

Mo ní kó sọ fún mi. Ó sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ.