Ìbéèrè Dókítà Kẹta

Mẹkáníìkì fi ẹnu sukudiráfà ti ara ẹ́ńjìnnì, ó gbé ìdí rẹ̀ sí etí ọ̀tún, ó dijú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ ibi tí àìsàn ọkọ̀ wà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé e sí òsì. Ó gbọ́ ọ, àfi bí ẹni pé wọ́n fi tìmùtìmù bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Kí oṣù tó parí, òsì náà ti ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù, ló ń bá a lọ sílé ìwòsàn láti máa gbọ́rọ̀ fún un.

Dókítà àkọ́kọ́ fọ etí, ó kán oògùn sí i. Ó bi ẹ̀gbọ́n bóyá nǹkan ti gbá aláìsàn lórí rí.

"Rárá o. Láti kékeré ni kì í gbọ́ràn, dókítà. Ó kàn wá di àìsàn ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì rí ẹ̀rín wọn, òun náà bá wọn rín in.

Dókítà kejì béèrè ohun kan náà. Ẹ̀gbọ́n tún ní rárá. Oṣù mẹ́ta kọjá.

Obìnrin ni ẹ̀kẹta. Ó rí i tí aláìsàn ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ wọlé láì mu ọtí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n sinmẹ̀dọ̀, ó kọ ìbéèrè tirẹ̀ sínú ìwé, ó tì í síwájú ẹni tó ni etí: *Ṣé ẹ ti fi orí ṣèṣe rí?*

Mẹkáníìkì kà á. Ó wo ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń wo fáànù.

Ó kọ ọ́: *Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti pé ogún ọdún. À ń jà, ẹ̀gbọ́n mi sọ sípánà bà mí lórí. Ọjọ́ méjì ni mi ò fi mọ nǹkan kan. Màmá wa ní ká máa sọ pé mo ṣubú.*

Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Láti ogún ọdún ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jò díẹ̀díẹ̀ nínú ọpọlọ; irin inú ẹ̀jẹ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ iṣan tí etí fi ń gbọ́rọ̀, ó sì ti jẹ ẹ́.

*Kò wọ́pọ̀,* dókítà kọ. *Ohun tó ti lọ kò ní padà. Ká ní a tètè mọ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni, à bá gbìyànjú àtidí ibi tó ń jò. Bóyá òsì ì bá ṣẹ́ kù.*

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n di apá aṣọ àbúrò rẹ̀ mú.

"Àbúrò mi, ẹ̀rù ló bà mí. Mo rò pé wọ́n á pe ọlọ́pàá. Ọmọ ìyá mi, dákun."

Ó wo ẹnu náà títí ó fi dákẹ́. Ó tú ìka ẹ̀gbọ́n kúrò lára aṣọ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó fi àwòrán orí rẹ̀ há abíyá, ó di ògiri mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ.