Ọwọ́ Tí Kò Sí Nínú Àwo

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ilé wa wà ní Pópó Yemọja, tí bàbá mi sì ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ, gìtá oníná ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń ta lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè rò pé jùjú àti fújì nìkan ni wọ́n ń ṣe n'Ibadan nígbà náà. Rárá o. Ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ń ṣe rọ́ọ̀kì, orin òyìnbó olóhùn líle tó ń mi ògiri. Bàbá àgbà kan tó ń rán fìlà lódìkejì a máa nahùn pé, "Jọ̀wọ́, fún nǹkan yẹn lóúnjẹ, ebi ló ń pa á tó fi ń ké báyẹn." Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ó ti yó, Bàbá. Ẹ̀yin ló ń kí."

Nínú orin wọn tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù, ibì kan wà tí ẹ̀gbọ́n mi ti máa ń fa okùn gìtá kan títí yóò fi ké bí ẹni ń sunkún. Yóò wá dúró díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì, kó tó sọ̀ kalẹ̀. Mo há ibẹ̀ sórí bí ẹní há kéwú.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó ń gbé àwo jáde l'Ékòó ní kí wọ́n wá gba orin náà sílẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò tí yóò wà lára páálí àwo, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró láàárín. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá wa kú. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, ọjọ́ kẹjọ ni fìdáù. Ọjọ́ kẹjọ yẹn gan-an ni wọ́n dá fún wọn l'Ékòó, kò sì ṣeé yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á lọ ní ìdájí, òun á sì dé kí oòrùn tó wọ̀. Ìyá mi, tó ti wọlé opó, pè é jókòó. Ó ní, "Ọkọ mi, ta ni àwọn àáfà máa bá nílẹ̀? Ṣé kí wọ́n ní bàbá yín kú, dáódù rẹ̀ ń bẹ nídìí gìtá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò jiyàn. Ó ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Mọ́lété, ó sì fi odidi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ ní orin wọn, ìka kan tẹ̀lé ìka kan. Ó ní, "Bá mi di àyè mi mú lẹ́ẹ̀kan yìí." Ìyẹn ní, "Bùọ̀dá, àyè yín ni. Ta ló máa gbà á lọ́wọ́ yín?"

Àwo jáde, ó sì tà. Ibi tí wọ́n bá ti lọ ṣeré, ọwọ́ tí àwọn èèyàn gbọ́ nínú àwo ni wọ́n ń béèrè, ni ọmọ Mọ́lété bá jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe àwo kejì, òun náà ti lọ, ẹlòmíràn ti dé. Àwo kẹta, ẹlòmíràn tún ni. Wọ́n ń pààrọ̀ atagìtá bí ẹni pààrọ̀ ìró, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tún kan ilẹ̀kùn wa.

Fọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ló kúkú wà lára àwo àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tí ìyá mi béèrè bó ṣe jẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Wọ́n sún ọjọ́ síwájú, Ìyá mi. Èmi náà lọ." Inú opó ni ìyá mi wà, kò mọ ìjáde ẹnikẹ́ni. Ó gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tí ìyá mi kì í gbé àwo yẹn sí fún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á mú gìtá tirẹ̀, á ta á jẹ́jẹ́ fún èmi àti ìyá wa.

Ẹnu mi ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rẹ́ ìyá mi kan wá kí wa láti Ọjà'ba. Nígbà tí orin dé ibi ẹkún yẹn, ìyá mi na ìka sókè, ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ. Ọwọ́ ọmọ mi rèé." Èmi náà fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé mo gbọ́n. Mo ní, "Ìyá mi, ọwọ́ Bùọ̀dá kọ́. Bùọ̀dá máa ń dúró níbẹ̀. Ọmọ Mọ́lété nìyẹn. Ọjọ́ fìdáù Bàbá gan-an ni wọ́n lọ."

Ìyá mi wo ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kò sẹ́. Ìyá mi dìde, ó rìn dé iwájú rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìyá kì í kúnlẹ̀ bẹ ọmọ tó bí. Ìkúnlẹ̀ tó fi bí wa ti tó. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń ní, "Ẹ dìde, Ìyá mi. Ẹ má fi èyí jẹ mí níyà." Ìyá mi ṣáà ń sọ pé, "Èmi ni mo dá ọ dúró." Orin ń lọ, ẹnikẹ́ni ò rántí pa á.

Ẹ̀gbọ́n mi ò ta gìtá mọ́. Bó bá kàn gbé e, ojú ìyá mi á yí padà. Ẹ̀gbọ́n mi fi gìtá náà tọrẹ, ó sì jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá wa títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kò bá mi wí rí. Ìbá tiẹ̀ nà mí.

Lónìí, ọmọ tó ń kọ́ gìtá ò tíì parí orin tí fóònù fi ti gbà á sílẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ pàápàá wà nípamọ́. Nígbà tiwa, ẹ̀ẹ̀kan ni ilẹ̀kùn yẹn ń ṣí. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí àwo náà lórí ayélujára. Wọ́n sáré gbé e wá, inú wọn ń dùn ṣìnkìn. Wọ́n ní, "Màmá, ṣé bàbá wa ló ń ta á báyìí?"

Mo wo fọ́tò náà, mo wo ojú wọn. Mo ní, "Òun ni."