Ìyá Lùkúmọ̀n Fẹ́ Lọ Sílé

Ogún ọdún ni Lùkúmọ̀n, tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, fi ròyìn Jọ́ọ̀sì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjèèjì títí etí wọn fi kún. Ó ní òtútù ibẹ̀ a máa mú ènìyàn wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan. Ó ní kò sí ọ̀nà kan nílùú náà tí òun kò lè di ojú rìn. Nígbà tó wá ní kí àwọn lọ lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, Philip tó ni mọ́tò kò jiyàn. Ọládiípọ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, di súwẹ́tà méjì.

Wọ́n dé Tẹ́mínọ́ọ̀sì láàárín ìlú Jọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Lùkúmọ̀n afinimọ̀nà bá ṣìnà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yí ibì kan náà po láàárín àwọn oníkẹ̀kẹ́.

"Jọ́ọ̀sì rẹ náà rèé?" ni Philip wí. "Ó yá, di ojú ká rí i."

Lùkúmọ̀n kò tilẹ̀ bínú. Fóònù ló yọ. Ó ya fọ́tò àlàpà ṣọ́ọ̀bù kan, ó ya gọ́tà tó kún, ó ya ojú irin tí koríko ti bò. Ọládiípọ̀ wò ó títí.

"Òkè tó rẹwà ló yí wa ká, ìwọ ń ya àlàpà. Kí ló dé?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Bí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì ti í ṣe ni bàbá Lùkúmọ̀n ṣe: ogójì ọdún ló fi ta aṣọ, yàrá méjì ló háyà ní àdúgbò Ali Kazaure níbẹ̀, gbogbo búlọ́ọ̀kù tó rà, ilé ńlá tó ń kọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń bá a lọ. Nígbà tí bàbá kú, tí ìlú kò sì fararọ, Lùkúmọ̀n kó ìyá rẹ̀ lọ sínú ilé ńlá náà, ó rò pé òun gbé e délé. Kò rántí pé Dilimi ní Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí ìyá náà sí. Òkú àti Iléyá nìkan ló ti máa ń gbé e dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ogún ọdún nínú yàrá mẹ́fà, kò rí ẹni bá fi Haúsá ṣàwàdà. Láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀: "Lùkúmọ̀n, mú mi lọ sílé." Bí ọmọ bá ní ilé ni wọ́n wà, ìyá a kọ oúnjẹ. Ọmọ wá ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ wo Jọ́ọ̀sì ọ̀hún wá.

"Fọ́tò yìí ni mo fẹ́ fi hàn án pé kò sílé níbẹ̀ mọ́," ni Lùkúmọ̀n wí. "Ẹ̀rù ń bà mí. Tó bá kú sájò, kí ni mo fẹ́ wí fẹ́bí?"

"Èwo ni àjò níbẹ̀?" ni Ọládiípọ̀ bi í.

Lùkúmọ̀n ti fóònù bọ àpò, ó bi oníkẹ̀kẹ́ kan léèrè ọ̀nà ilé tí wọ́n gbé rí ní Ali Kazaure.

Ilé Ali Kazaure ṣì wà. Ìyá Lááwàlì, obìnrin Haúsá tí òun àti ìyá Lùkúmọ̀n jọ dáná lórí ààrò kan fún ọgbọ̀n ọdún, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò béèrè ta ló dé.

"Kai, Lukman! Ina Hajiya?" Ibi tí Hajiya, ìyá Lùkúmọ̀n, wà ló ń béèrè, ó sì ń yọjú wò ó lẹ́yìn wọn. Lùkúmọ̀n tó ti lọ́mọ-ọmọ bá ara rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi obìnrin náà léèrè bí lọ́yà. Omi ńkọ́? Olómi ń fi ọmọlanke tì í wá láràárọ̀. Ìlú ńkọ́? Àdúgbò tòro. Yàrá ìyá òun ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló háyà rẹ̀. Inú Lùkúmọ̀n dùn pé kò sáyè mọ́, ó ti ń dìde. Ìyá Lááwàlì ní kí ni wàhálà níbẹ̀? Yàrá tòun ni Hajiya yóò sùn; àwọn ọmọbìnrin òun ti lọ sílé ọkọ, òun nìkan ló ń yí kiri lórí bẹ́ẹ̀dì ńlá. Philip fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Lááwàlì ní kó pe Hajiya fún òun. Bí fóònù ti wọlé, Haúsá bẹ́ sílẹ̀, kò sí ẹni tó ń dúró gbọ́ tẹnì kejì. Lùkúmọ̀n wá gbọ́ tí ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rín títí ó fi di ikọ́. Kò rántí ìgbà tó ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ojú tì í, àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é dọ́kàn. Òun tó ní òun gbé ìyá òun délé, inú yàrá mẹ́fà ló tì í mọ́ láti ọjọ́ yìí.

Ó gba fóònù.

"Màámi, mo ti rí i. Tí mo bá dé, a ó di ẹrù yín, Philip á sì gbé wa padà wá."

"Ẹrù wo lo tún fẹ́ dì?" ni ìyá wí. "Láti àárọ̀ tẹ́ ẹ ti lọ ni mo ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Orí rẹ̀ náà ni mo jókòó lé yìí."