Abẹ́rẹ́ Àwo Orin Bàbá Mi àti Sìdíkátù Ará Mákùn-Omi

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń sáré láìwọ bàtà káàkiri ilé wa ní Òjòwó, n'Íjẹ̀bú-Igbó, mo ní iṣẹ́ kan tí ọmọ mìíràn kò ní ládùúgbò. Èmi ni mo ń gbé abẹ́rẹ́ lé àwo orin fún bàbá mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àwọn ọmọ tó kù ń pọnmi, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń fọ ìkòkò. Èmi náà ń ṣe gbogbo ìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo kúrò lẹ́gbẹ́ wọn.

Bàbá mi ti ṣiṣẹ́ ní èbúté l'Ékòó nígbà ọ̀dọ́ wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn atukọ̀ dọ́rẹ̀ẹ́, àwọn tó ń kó àwo orin bọ̀ láti Amẹ́ríkà, jáàsì àti búlúùsì, orin àwọn aláwọ̀ dúdú òkè òkun. Níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ń ra bàtà àti fìlà, àwo ni bàbá mi ń rà. Nígbà tí wọ́n padà wálé wá ṣí ibi ìlagi, redíógíráàmù, ẹ̀rọ orin ńlá kan tó lẹ́sẹ̀ mẹ́rin bíi tábìlì àti àpótí àwo ni wọ́n kó bọ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, máa ń ráhùn pé ọmọ ẹlòmíràn mú ìyàwó bọ̀ láti Èkó, tòun kó àwo tí èèyàn ò lè bu ọbẹ̀ sí bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, bí a bá ti kírun Àìlà tán, tí a jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí màmá mi fi edé àti ẹja gbígbẹ sè, tí epo sì ń dán létè gbogbo wa, bàbá mi á na ẹsẹ̀ lórí àga wọn, wọ́n á ní, "Kúdí, lọ fọwọ́, kí o wá." Kúdírátù lorúkọ mi. Màá fi ọṣẹ dúdú fọwọ́ dé ìgúnpá, màá nawọ́ sí wọn, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀ bóyá ẹja ṣì kù níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti mi orí, mo yege nìyẹn. Màá fa àwo yọ nínú páálí, màá dì í mú létí létí, màá gbé e sórí ẹ̀rọ, màá wá rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Á kọ́kọ́ máa ta pàrà-pàrà bí epo tó ń gbóná nínú agbada, kí fèrè tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á dijú. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń jókòó sí. Wọn kì í sọ̀rọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀.

Tó bá jẹ́ búlúùsì ni, tí ọkùnrin kan ń dá ké pẹ̀lú gìtá, Màmá Aládùúrà tó ń gbé ilé kejì á pariwo láti orí ògiri pé, "Bàbá Kúdí, ta ló kú?" Bàbá mi á dáhùn láìlajú pé, "Kò sẹ́ni tó kú o, orin ni." Ẹ wò ó, láti Ọjọ́ Ajé títí dé Àbámẹ́ta, àwọn oníṣòwò pákó ló ni bàbá mi. Wákàtí yẹn nìkan ni wọ́n jẹ́ tèmi.

Àfi bí àbúrò bàbá mi obìnrin, tó lọ́kọ sí Mákùn-Omi létí ọ̀sà, ṣe mú ọmọ ẹ̀ wá sílé wa kó lè máa bá wa lọ sílé ìwé. Sìdíkátù lorúkọ ọmọ náà. Ẹgbẹ́ ni wá. Ó tín-ín-rín, ojú ẹ̀ fẹ̀, èdè ẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, a máa ń sín in jẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí wàhálà láàárín wa. Ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Àìkú, ó ń wo èmi ọ̀gá bí mo ṣe ń gbé abẹ́rẹ́. Kí n má parọ́, mo gbádùn bó ṣe ń wò mí.

Ọyẹ́ ọdún yẹn le gan-an. Ètè wa là, ilẹ̀kùn ń dún, ọ̀kan nínú àwo bàbá mi sì sán. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n fẹ́ lọ ra igi nínú igbó lọ́nà Òndó, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn máa pẹ́ níbẹ̀. Ni wọ́n bá sọ fún Ìyá Àgbà pé, "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú àwọn àwo mi o." Ìyá Àgbà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi ìtọ́jú nǹkan lé lọ́wọ́ yìí, obì ni wọ́n ń tà láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ọmọge. Gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ló mọ̀ pé obì Ìyá Àgbà kì í gbẹ, kì í sán. Wọ́n ti wo àwo tó sán yẹn sókè sódò, wọ́n ní ohun tó ń pa obì lọ́yẹ́ náà ló pa á. Bí bàbá mi ṣe kúrò nílé báyìí, Ìyá Àgbà yọ gbogbo àwo kúrò nínú páálí, wọ́n fi ewé tútù wé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ obì, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Láàárọ̀, wọ́n á bu omi wọ́n ọn. Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni súnmọ́ ibẹ̀. Màmá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ìwọ tí obì mẹ́ta bu mọ́ lọ́wọ́ ní ọjọ́sí." Màmá mi padà sídìí ọbẹ̀ wọn.

Nígbà tí bàbá mi dé, Ìyá Àgbà fúnra wọn ló fa apẹ̀rẹ̀ jáde. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Kò sí ẹyọ kan tó gbẹ níbẹ̀!" Bàbá mi tú ewé àkọ́kọ́. Àwo ti bu. Nǹkan funfun bí òwú ti hù kún gbogbo ojú ẹ̀. Wọ́n tú èkejì, bákan náà. Mo ń wo ojú bàbá mi, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wọn, wọ́n ní, "Ẹ ṣé o, màmá, ẹ kú ìtọ́jú." Wọ́n wá jáde lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n jókòó sórí ìtì igi kan, wọn ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Èmi lọ sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo rò pé ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ti kú nìyẹn.

Sìdíkátù ò sunkún ní tiẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ níwájú bàbá mi, ó ní, "Bàbá, ní Mákùn-Omi, gbogbo nǹkan wa ló ń bu, a dẹ̀ ń fọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀ ọ́." Ó gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá, ó fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ó mú àkísà tó rọ̀, ó ń nu àwo náà yípo yípo, ó wá tò wọ́n síbi òjìji lẹ́yìnkùlé. Ojoojúmọ́ tí a bá ti dé láti ilé ìwé ló ń ṣe é. Mo ní kí n ràn án lọ́wọ́, ó ní kí n jẹ́ kóun parí eléyìí ná. Àbí ẹ ò rí i!

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n kọ́kọ́ tún fẹ́ gbọ́ orin, èmi ti fọwọ́ mi dúró, omi ṣì ń kán lára ìka mi. Bàbá mi na ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Sìdí, ó yá."

Ẹ gbà mí! Sìdí kẹ̀? Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Ọmọ náà gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Fèrè dún, bàbá mi dijú, Sìdí sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ bàbá mi.

Ibi tó ti wá burú sí ni pé ó tún mú bàbá mi rẹ́rìn-ín. Nínú wa, kò sẹ́ni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ọkùnrin búlúùsì yẹn ń fi imú sọ. Sìdí á wá máa túmọ̀ ẹ̀ láti orí ara ẹ̀: "Bàbá, ó ní ọkọ̀ ojú omi ti gbé ìyàwó òun lọ, ìyàwó ọ̀hún dẹ̀ kó ìkòkò ọbẹ̀ dání." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omijé á fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Bàbá, ó ní ebi ń pa òun." Wọ́n ní, "Hùn-ún."

Owú yẹn pa mí lára. N kò jẹ ẹja tí ìyá Sìdí bá fi ránṣẹ́ láti Mákùn-Omi. Màmá mi ní kí n kúnlẹ̀, kí n káwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ta ló gba bàbá ẹ lọ́wọ́ ẹ? Ṣebí bàbá ẹ ló jókòó sórí àga wọn yẹn." Wọ́n jókòó lóòótọ́. Mo wá ń bẹ Ọlọ́run lẹ́yìn gbogbo ìrun pé kó dá Sìdíkátù padà sílé bàbá ẹ̀.

Ọlọ́run gbọ́. A parí ìwé mẹ́fà, ìyá ẹ̀ wá mú un lọ. Mo bá a gbé ẹrù dé ibi ọkọ̀, mo tiẹ̀ ń kọrin. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo fọwọ́ mi, mo jókòó sí pálọ̀, mò ń retí. Bàbá mi jẹun tán, wọ́n yí ojú sí ògiri, wọ́n sùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni. Màmá mi da aṣọ bo redíógíráàmù nígbà tó yá, a sì ń gbé fìtílà lé e.

Mo ti di ìyá ọmọ kí bàbá mi tó kú. Wọ́n ti pín nǹkan wọn sílẹ̀: ilẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, yàrá méjì fún èmi. Wọ́n ní kí a kó àwọn àwo fún Sìdí. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló fẹ́ ìyẹn. Mo bú sẹ́kún, gbogbo èèyàn rò pé ikú bàbá ni mò ń sun.

Alhaja Sìdíkátù wà ní Àgọ́-Ìwòyè báyìí. Àwọn ọmọ yunifásítì ń kóra jọ sí pálọ̀ ẹ̀, wọ́n ní àwo ti padà di ohun ìgbàlódé, wọ́n ń fi fóònù ya páálí ẹ̀ ní fọ́tò. Mo lọ kí i lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, orin ń lọ, mo sì sọ fún un lójú ẹ̀ pé láti kékeré ni mo ti ń jowú ẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Kúdí, ìwọ kẹ̀? Èmi ni mo jowú ẹ! Bí orin bá ti parí, ọmọ àbúrò wọn ni mo tún dà. Ìwọ sùn ni o, o jí ni o, ọmọ wọn ni ọ́. O ò nílò kí o fọ nǹkan kan kí wọ́n tó rí ẹ."

Ó yẹ kí ara mi tutù. Kò tutù. Mo wo àpótí àwo yẹn nílé onílé, owú náà ṣì wà níbi tó wà.

Lọ́dọ̀ tèmi lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi ń gbọ́ orin tó bá wù wọ́n, kálukú fi nǹkan dí etí tiẹ̀, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn kì í jà sí i. Ìyá wọn ní ìgbádùn nìyẹn, kò sí ìjà nínú ilé. Nígbà tiwa, ẹnì kan ló ní orin, ó sì ní láti yan ọmọ tó máa jókòó tì í. Mo ṣì ń bínú pé Sìdí ni bàbá mi yàn. Àmọ́ bí mo bá wo àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí ẹnì kankan ò pè wọ́n, tí wọn ò sì retí pé kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n, àánú wọn máa ń ṣe mí.