Obìnrin Tí Kò Wọ Kóòtù

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, tí orúnkún mi kò tíì máa dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, Hamburg, ní ilẹ̀ Jámánì, ni mo ti ń kàwé. Ibẹ̀ ni mo wà tí wọ́n fi sìnkú ìyá mi nílé. N kò lè lọ, torí ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde. Bí mo bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́.

N kò sunkún. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tá a jọ ń gbé bá mi kẹ́dùn, wọ́n se ìrẹsì, ọ̀kan nínú wọn gbàdúrà títí ohùn rẹ̀ fi há. Síbẹ̀, omi ò jáde lójú mi. Ó wá di àárọ̀ Sátidé kan nínú òtútù, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí àwọn òkè Harz. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ ibi tí wọn ò ti ní máa wo ojú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ yìnyín ìgboro nìkan, tí mọ́tò ti tẹ̀ di ẹrọ̀fọ̀, ẹ ò tíì mọ yìnyín. Lórí òkè yẹn, ó bo àwọn igi títí wọ́n fi dà bí èèyàn tó da aṣọ funfun borí. Kò sí ẹyẹ, kò sí afẹ́fẹ́. Nígbà tí mo gùn ún dé ìdajì, kùrukùru bo ọ̀nà, àmọ́ mò ń lọ ṣáá. Kí n má purọ́, kò ká mi lára bóyá n óò padà.

Ni bàbá òyìnbó kan bá yọ láti òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó kí mi, ó wo ẹ̀yìn mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọ̀dọ́mọkùnrin, ìyá arúgbó tó ń tẹ̀ lé ọ yìí, kí ló dé tí kò wọ kóòtù?"

"Ìyá wo, sà? Èmi nìkan ni mo wá."

"Mo rí i. Ó so aṣọ mọ́rí, ó ń fọwọ́ pè ọ́ pé kí o padà."

Mo yíjú. Kùrukùru ni mo rí, àti ipasẹ̀ bàtà tèmi nìkan. Orí mi wú. Bàbá náà kò bá mi jiyàn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní iwájú kò dára, ká máa sọ̀ kalẹ̀. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó ń dúró de arúgbó. Nígbà tá a dé ilé tíì kan nísàlẹ̀ òkè, ife mẹ́ta ló ní kí wọ́n gbé wá. Ó gbé ìkẹta síwájú àga tó ṣófo. Ibẹ̀ ni ẹkún ti bú jáde lẹ́nu mi.

Berlin ni mò ń gbé báyìí, ní Spandau. Bí yìnyín bá ń bọ́, tí mo ń lọ wọ U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, n kì í lè ṣe kí n má bojú wẹ̀yìn. Ọmọ ọmọ mi bi mí lédè Jámánì pé ṣé ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Mo ní ẹ̀rù bà mí, àmọ́ ohun tó ń dùn mí dòní ni pé àjèjì ló rí i. Èmi ọmọ rẹ̀ ò rí i.

Ayé ti yí padà. Ẹ̀yin ń gun òkè lónìí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ìyá yín nílé á máa wo ojú yín, á ní, "Fi nǹkan bo etí ẹ." Nígbà tiwa, ìyá tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, àfi kó fẹsẹ̀ rìn wá.