Ìyá Tú-u-sílẹ̀ àti Oògùn Ikọ́ Bàbá Káfíńtà

Tí ẹ bá gbé ìwé oògùn dé fèrèsé apòògùn yìí, ẹ má retí pé ẹ máa tètè kúrò níbẹ̀. Obìnrin náà á kọ́kọ́ ti àwo pẹrẹsẹ kan síwájú yín, á ní, "Ẹ tú u sílẹ̀." Gbogbo ohun tí ẹ ń gbé mì nílé, títí kan èyí tí aládùúgbò bùn yín, orí àwo yẹn ló ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn aláìsàn fi sọ ọ́ ní Ìyá Tú-u-sílẹ̀. Ọdún kejìdínlógún rèé tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà, ìwé ìkìlọ̀ méjì ni ọ̀gá ilé ìwòsàn sì ti fún un nítorí ìlà tó máa ń gùn. Ẹ̀kẹta á gbé e kúrò nídìí fèrèsé. Ó ka méjèèjì, ó ká wọn pọ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣé olórí kunkun ni? Ó kúkú gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bàbá káfíńtà kan tó ti fẹ̀yìn tì dé, ó ń wúkọ́ bíi pé àyà rẹ̀ fẹ́ ya. Dókítà ti kọ kilaritiromaisini fún un, ẹbí kan náà ni òun àti ẹritiromaisini tí gbogbo ayé mọ̀. Bàbá tú ọ̀rá rẹ̀ sílẹ̀: parasitamọ́ọ̀lù àti súìtì ikọ́, ó parí.

"Bàbá, kí lẹ máa ń gbé mì tí ẹ bá jí?"

"Tíì."

"Tíì nìkan?"

"Tíì pẹ̀lú èyí tí ọmọ mi ń rà fún mi." Bàbá fa páálí kékeré kan yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe oògùn. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lò ó. Ó ti di oúnjẹ."

Obìnrin náà ka orúkọ tó wà lára páálí náà. Oògùn àwọn tí ọkàn wọn kì í lù déédéé ni.

"Ṣé ẹ sọ èyí fún dókítà?"

"Dókítà bi mí bóyá mo ti lo oògùn kankan sí ikọ́ náà, mo ní rárá. Kí ló kan ọkàn mi nínú ọ̀rọ̀ ikọ́?"

Ẹ ò rí nǹkan! Oògùn ikọ́ yẹn ò burú o. Kòkòrò tó ń fa àìsàn ní ibi tó ti ń to èròjà ara rẹ̀ pọ̀, bí ilé iṣẹ́ kékeré. Oògùn yìí á lọ jókòó sí ojú ọ̀nà tí èròjà náà ń gbà jáde, á ní kò sọ́nà. Kòkòrò ò ní lè dàgbà, kò ní lè pọ̀ sí i, ara á sì ráyè ṣẹ́gun rẹ̀. Àmọ́ oògùn náà a máa tọwọ́ bọ ohun tí kò kàn án. Ó lè mú kí ọkàn pẹ́ jù kó tó múra láti lù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tún lè dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́, kí oògùn mìíràn tó yẹ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ dànù máa gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Oògùn tí bàbá fi ń mu tíì náà máa ń fa ọkàn sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Tí àwọn méjèèjì bá pàdé, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lè ṣubú lulẹ̀, kó má dìde mọ́.

"Bàbá, mi ò ní fún yín."

Ariwo ta. "Sùúrù lérè lóòótọ́," ni télọ̀ kan wí lórí ìlà lẹ́yìn, "àmọ́ ẹsẹ̀ ń dùn wá o!" Bàbá fúnra rẹ̀ fajú ro. "Ṣé ìwọ ni dókítà ni? Màá fẹjọ́ rẹ sun ọ̀gá rẹ!"

Ìwé kẹta ń bọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rù bà á, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín. Síbẹ̀ ó gbé fóònù, ó pe dókítà.

"Ẹ fún un," ni dókítà wí. "Ọjọ́ márùn-ún péré ni."

"Ọkàn kì í ka ọjọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Dókítà sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, ojú rẹ̀ le koko. "Ta ló kọ ìwé yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, sà. Àmọ́ ọwọ́ mi ni oògùn náà máa ti jáde, kò sì ní jáde." Ó na páálí bàbá sí i.

Dókítà kà á, ó tún un kà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé bàbá lọ síbi ẹ̀rọ tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé. Ìyá Tú-u-sílẹ̀ ti fèrèsé, ó tẹ̀ lé wọn. Kí ìlà máa pariwo lọ! Nígbà tí ìwé náà jáde, dókítà fi pẹ́ẹ̀nì wọ̀n ọ́n: ọkàn bàbá ti ń pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbé kóró kan ṣoṣo mì nínú oògùn ikọ́ náà. Ó fa igi lé kilaritiromaisini, ó kọ dọsisaikilini tí kì í da ọkàn láàmú dípò rẹ̀, ó sì ní kí bàbá dúró kí dókítà ọkàn yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ ṣé, mà," ni dókítà wí fún apòògùn, kò wojú rẹ̀.

Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wáyà kún àyà rẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọwọ́ apòògùn náà.

"Ọmọ mi, mo pariwo lé ọ lórí. Ṣé o ò bínú?"

"Mo bínú gan-an ni, bàbá. Mo bínú débi pé mi ò jẹ́ kí ẹ kú."