Igi Tí Bàbá Mi So Pọ̀

Ojúmìító ni wọ́n ń pè mí láti kékeré, mi ò sì jiyàn. Bí mo bá rí ohun tí wọ́n bò, ara mi kì í balẹ̀. Nígbà tí òjò ba síilìn pálọ̀ jẹ́ nílé bàbá mi ní Àgbówó, mo ní kí káfíńtà yọ gbogbo rẹ̀ dànù, kó fi igi àjà sílẹ̀ ní gbangba, bí mo ṣe ń rí i lórí fóònù nínú ilé àwọn ọlọ́lá.

Ìrókò ni gbogbo wọn. Káfíńtà nù wọ́n, ó kùn wọ́n, wọ́n ń dán. Mo gbórí sókè títí ọrùn fi ń dùn mí. Ọ̀kan ṣoṣo ló yàtọ̀: igi méjì ni wọ́n so pọ̀ láàárín rẹ̀. Kí ló dé?

Bàbá mi ló lè mọ̀. Káfíńtà ni àwọn náà, àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kan òrùlé náà. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Akóbọ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo lọ gbé wọn wá. Wọ́n wòkè lẹ́ẹ̀kan, ó dà bí ẹni pé mo bọ́ṣọ lára wọn níta.

"Bò ó."

Mo rò pé wọ́n ń tijú ilé tí ò parí ni, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí ọ̀mọ̀wé pé àṣà ayé òde òní ni. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán.

"Igi kan ò gùn tó, òjò sì ti ṣú. Mo bá so méjì pọ̀, mo kan síilìn bò ó. Ìyá rẹ nìkan ni mo sọ fún."

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Bí ìjì bá ti ń jà, àwọn méjèèjì á kó wa kúrò ní pálọ̀, wọ́n á jókòó tì wá ní yàrá, wọn ò ní sùn. A rò pé àrá ni wọ́n ń bẹ̀rù. Àánú wọn ṣe mí, inú sì tún bí mi.

Mo pe káfíńtà tó ń bá mi ṣiṣẹ́ wọlé. Ó gun àkàsọ̀, ó fẹ́ ti ẹnu ọ̀bẹ bọ ojú ibi tí igi méjèèjì ti pàdé. Kò wọlé. Ó fi òòlù lù ú, ó dún ko.

"Bàbá, ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́. Ibòmíràn lè yẹ̀, kì í ṣe ibí."

"Tún un wò."

Ó tún un wò. Ọ̀bẹ ò wọlé.

Bàbá mi wá àga, wọ́n jókòó. Omi ti kún ojú wọn.

"Ìyá rẹ máa ń ní kí n gòkè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gòkè. Títí tó fi kú, kò sùn nínú òjò."